Oníbodè Orí Òkun: Ìtàn Owó Ọkọ̀ láti Ẹnu Ọ̀sà Èkó dé Àpápá

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ kò ṣòro láti túmọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé èbúté tí ó fi imú kan ilẹ̀, a ó ní ó gúnlẹ̀. Ajé ni ó sì gúnlẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ náà ti wí. Ẹni tí ó bá dúró ní ààlà tí ó pín in níyà kúrò lára Àpápá, níbi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bọ́ńdárì, yóò rí i pé kò jìnnà rárá láti ibi tí ajé ti ń gúnlẹ̀ sí ibi tí àwọn tí ń fi èjìká gbé e ń sùn. Mo ti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní àdúgbò náà fún ọdún mélòó kan, mo sì mọ ilé púpọ̀ níbẹ̀ tí baba fi owó wáàfù tọ́ ọmọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà, ìyá kan tí ń ta abọ́ àti ìkòkò tí a kó ti òkè òkun wá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Iye tí wọ́n ń ta abọ́ yìí lọ́hùn-ún kò yí padà. Aṣọ́bodè kò sì fi kún tirẹ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ní ó lọ sókè. Ta ni ń dá iye náà? Ṣé kò sí ọlọ́kọ̀ mìíràn ni?” N kò rí èsì gidi fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ojú tì mí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ka ìtàn ilẹ̀ wa, n kò sì rántí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wà ní ẹnu àwọn oníṣòwò Èkó láti ìgbà Queen Victoria. Èsì tí ó yẹ kí n fún un ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní oníbodè. Ní ọ̀rúndún tí ó kọjá ṣáájú èyí tí a bí àwọn baba tiwa sí, kò sí ẹrù tí ó lè ti Èkó dé Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ láì kọjá ní ọwọ́ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Àwọn méjèèjì ni ó jókòó sí àárín, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń rà lọ́wọ́ ará òkè, kí wọ́n tó tà fún ará Èkó. Bí inú bá bí wọn, wọn a ti ọ̀nà. Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè sọ ọ̀nà púpọ̀ di ẹyọ kan kò tún ní láti du ọjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Àwọn Ìjẹ̀bú mọ èyí dáradára, wọ́n sì fi ọwọ́ líle mú un. Ní ọdún 1892 ni Gómìnà Carter rán ọmọ ogun sí wọn, tí wọ́n jà ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún, tí a sì fi ìbọn ńlá ṣí ọ̀nà. Ìdí tí ìjọba wí fún gbogbo ayé ni pé òwò gbọ́dọ̀ wà lómìnira. Àwọn oníṣòwò Èkó, Òyìnbó àti Sàró, yọ̀. Ìjọ wa pẹ̀lú jẹ nínú èrè rẹ̀, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń wọ́ wá sí ilé ìsìn. A kì í sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ni a ti ibodè mìíràn, lórí òkun ní ìgbà yìí, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó yin ìbọn sí i.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ bí òwò ọkọ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Ní àtijọ́, oníṣòwò tí ó bá fẹ́ rán epo pupa lọ sí Liverpool ní láti ní ọkọ̀ tirẹ̀, tàbí kí ó gba odidi ọkọ̀ kan. Nítorí náà iṣẹ́ olówó gọbọi ni. Ní ọdún 1852 ni Macgregor Laird dá African Steam Ship Company sílẹ̀, tí ọkọ̀ eléèéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé lẹ́tà àti ẹrù wá sí ẹ̀bá òkun wa ní àkókò tí a ti dá ṣáájú. Ohun ńlá ni èyí jẹ́. Ẹni tí kò ní ju àgbá epo díẹ̀ lọ lè fi í ránṣẹ́ nísinsìnyí, kí ó san owó ọkọ̀ lórí ìwọ̀nba tirẹ̀. Lára àwọn tí ó ṣòwò ní Èkó ní ìgbà ọkọ̀ eléèéfín yìí ni J. P. L. Davies, ẹni tí ó fi owó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1859, àti R. B. Blaize tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé kí ó tó di oníṣòwò ńlá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ ẹlòmíràn tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ ni ó sọ oníṣòwò kékeré di ènìyàn, ọkọ̀ yìí náà ni yóò sì di okùn tí a ó fi dè é.

Ní 1868 ni a dá kọ́ńpìnnì kejì, British and African Steam Navigation Company, sílẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool sì di aṣojú rẹ̀. A ì bá rò pé àwọn méjèèjì yóò máa du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìdíje náà kò pẹ́ lọ títí. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan yọ, Alfred Jones ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Carmarthen ní ilẹ̀ Wales, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀. Ní 1879 ó di alábàáṣe ní Elder Dempster. Ní 1884 ó ti di olórí ibẹ̀. Kò sì pẹ́ tí ìṣàkóso ọkọ̀ kọ́ńpìnnì méjèèjì fi bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bú Jones kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àti pé àwọn oníṣòwò tí ń bú u kò ṣe bẹ́ẹ̀ tán kí wọ́n tó dá irú tirẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ní ọdún 1895 ni Jones àti àwọn ọlọ́kọ̀ Woermann ti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí West African Shipping Conference. Àdéhùn wọn ni pé iye kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa gbà lórí ẹrù, ẹnìkan kò sì ní dín in kù láti fi fa ojú oníbàárà mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ, ẹgbẹ́ náà ì bá ti tú ká kíákíá, nítorí irú àdéhùn báyìí kì í pẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ọ̀kan bá rí èrè ní ìkọ̀kọ̀, tàbí tí àlejò bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé. Ohun tí ó mú kí ó dúró ni ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò.

Oníṣòwò tí ó bá kó ẹrù sínú ọkọ̀ wọn yóò san owó ọkọ̀, yóò sì san ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e lórí. Ìdámẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Málákì. Owó náà kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀. Ti oníṣòwò ni, wọ́n sì ṣe ìlérí láti dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò ní dá a padà lójú ẹsẹ̀. Wọn ó kó o jọ fún oṣù mélòó kan, wọn ó tún fi í pamọ́ fún oṣù mélòó kan sí i, bí wọ́n bá sì rí i pé ní gbogbo àkókò yìí oníṣòwò náà kò fi ẹrù kankan sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, nígbà náà ni wọn yóò san án. Bí ó bá fi àgbá epo kan ṣoṣo ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn, gbogbo rẹ̀ ti bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ó lè yé wa. Ká ní oníṣòwò kan ní Marina san £1,000 owó ọkọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. £100 rẹ̀ ti wà ní Liverpool. Àlejò ọlọ́kọ̀ kan dé, ó ní òun yóò gbé èkùrọ́ rẹ̀ ní owó tí ó dín ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹrù tí oníṣòwò náà ní ní ọjọ́ náà kò ju èyí tí owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ £50 lọ. Bí ó bá gbà, yóò jèrè £10, yóò sì pàdánù £100. Síwájú sí i, àlejò náà yóò lọ, bóyá kò sì ní padà wá fún oṣù méjì, ṣùgbọ́n èkùrọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà oníṣòwò náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, yóò sì jẹ́ kí ó máa lọ. Gbogbo oníṣòwò tí ó kù yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àlejò yóò rí i pé ẹrù kún etí omi, síbẹ̀ ọkọ̀ òun ṣófo.

Èsì ìbéèrè ìyá oníṣòwò náà ni èyí, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ti ọdún 1895. Ọlọ́kọ̀ mìíràn wà ní ayé. Owó àwọn oníbàárà fúnra wọn, tí ó wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ àkọ́kọ́, ni ó ń lé e lọ. Oníbodè Ìjẹ̀bú ní láti fi ènìyàn ṣọ́ ọ̀nà tọ̀sán tòru. Oníbodè orí òkun kò ní láti ṣọ́ ohunkóhun, àwọn tí ń kọjá ni ó ń bá a ṣọ́ ọ.

Ibodè náà sì ní ìlẹ̀kùn ju ẹyọ kan lọ. Ní ìgbà náà, òkìtì iyanrìn tí ó wà ní ẹnu ọ̀sà Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. A ní láti já ẹrù Èkó sílẹ̀ ní Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e kọjá lórí iyanrìn, èyí tí ó fi jẹ́ pé ẹrù kan wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Jones kan náà ni ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí wà. Lẹ́yìn èyí ni báńkì: Jones wà ní ìdí Bank of British West Africa tí a dá sílẹ̀ ní 1894, báńkì yìí ni ìjọba sì fún ní àyè láti máa kó owó fàdákà tuntun wọ ilẹ̀ wa. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ọkùnrin kan ni ó ń gbé epo rẹ, tí ó ń gbé e kọjá ẹnu òkun, tí ó sì ń kó owó tí a ó fi rà á wá. Àwọn ilé òwò ńláńlá kò lè gba èyí mọ́ra, wọ́n dá Anglo-African Bank tiwọn sílẹ̀ ní 1899. Báńkì àkọ́kọ́ gbé e mì ní 1912, ṣùgbọ́n ní ọdún náà gan-an ni ìjọba gba ọ̀ràn owó fàdákà kúrò lọ́wọ́ báńkì, tí ó sì fi í fún West African Currency Board.

Ẹ̀sùn dé etí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1906 sí 1909 ni ìgbìmọ̀ ìwádìí ńlá kan jókòó lórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan bí kò ṣe ti òkun gbogbo. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé kí a tú ẹgbẹ́ ká. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ní àkókò tí a dá, tí ó sì ń gba iye kan náà lọ́wọ́ ẹni kékeré àti ẹni ńlá, tọ́ sí ohun kan. Èmi fúnra mi kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni. Oníṣòwò kékeré nílò ọkọ̀ tí ń dé ní àkókò ju olówó lọ, nítorí olówó lè dúró. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà gbójú fò, bí mo ti rí i, ni pé ẹni kékeré yìí kan náà ni kò ní ibòmíràn láti lọ nígbà tí iye náà bá pọ̀ jù. Jones kú ní oṣù kejìlá ọdún 1909. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a kú.

Ní àkókò yìí ni a ń ṣí ẹnu òkun Èkó. Láti 1907 ni ọkọ̀ tí a fi ń wa iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì ń to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà, títí ó fi di 1914 tí ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ọ̀sà. Ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn náà ti wó nìyẹn. Ìjọba sì yí ojú sí Àpápá.

Ilẹ̀ Àpápá kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ tí ó wà níhìn-ín ní agbára ìṣàkóso nìkan ni ó ní lórí rẹ̀, kì í ṣe òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ni ín. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní oṣù keje ọdún 1921 ni àwọn adájọ́ àgbà ti Privy Council dá a láre, wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, kí a sì san owó rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ni ín ní tòótọ́. Àwọn tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn a máa sọ nípa ọ̀pá Macaulay tí ó bí ìjọba nínú. Ó yẹ kí wọ́n máa fi kún un pé lórí ilẹ̀ wáàfù ni ẹjọ́ náà dúró. Ní ọdún 1921 yìí kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wáàfù Àpápá, a sì parí rẹ̀ ní 1926: ibi ìdúró ọkọ̀ mẹ́rin, tí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,800. Ọkọ̀ ojú irin dé etí rẹ̀. Èkùrọ́ àti kòkó lè ti inú ọkọ̀ ojú irin bọ́ sínú ọkọ̀ òkun láì fi ẹsẹ̀ kan omi.

Iye owó ọkọ̀ ńkọ́? Ogun 1914 ti lé àwọn Jámánì kúrò lórí òkun, ẹgbẹ́ náà sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1924 ó jí padà, Woermann wà nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Hóláǹdì sì wọlé pẹ̀lú. Ẹni tí ó mi ibodè náà ni ẹni tí ó tóbi bí oníbodè. Lever, oníṣòwò ọṣẹ, ti ra ọkọ̀ tirẹ̀ ní 1916. Ní 1920 ó fi owó tí ó ju £8,000,000 lọ ra Niger Company, èyí tí Goldie ti fi ìṣọ̀kan àwọn oníṣòwò Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ ní 1879. Ní 1929 ni Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation di ọ̀kan, tí a sì sọ wọ́n ní United Africa Company, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí UAC. Ilé òwò bẹ́ẹ̀ kò ní láti bẹ ọlọ́kọ̀. Ó kó ọkọ̀ tirẹ̀ jọ, èyí tí a wá ń pè ní Palm Line láti 1949. Ní ọdún 1949 yìí, nínú ọjà 100 tí a kó wọ Nàìjíríà, 34 wá láti ọwọ́ UAC. Nínú irè oko 100 tí ó jáde, 43 ni UAC bá ìjọba rà. A lè sọ pé a ti ní ìdíje lórí òkun nígbà náà, ṣùgbọ́n láàárín ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè jókòó sí ìdí tábìlì kan ni.

Àwọn ènìyàn wa náà gbìyànjú. Ní 1920, nígbà tí ọ̀rọ̀ Marcus Garvey dé Èkó láti Amẹ́ríkà, àwọn kan fi owó wọn sínú Black Star Line, ọkọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìrètí pé yóò gbé kòkó wọn láì gba ọwọ́ Liverpool. Kọ́ńpìnnì náà dá iṣẹ́ dúró ní 1922. Ọkọ̀ rẹ̀ kankan kò gúnlẹ̀ ní Èkó.

Àwọn oníṣòwò Òyìnbó tí ó ti pariwo tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ni ó ṣe tiwọn ní 1937. UAC, John Holt àti àwọn mìíràn mulẹ̀ lórí iye tí wọn yóò máa san fún kòkó, àti ìpín tí olúkúlùkù yóò rà. Ní Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ láti ta kòkó, wọn kò sì ra ọjà kọ́ńpìnnì, láti òpin ọdún náà títí di oṣù kẹrin 1938. Níhìn-ín, Nigerian Youth Movement ni ó gbé ìjà náà. Ìgbìmọ̀ Nowell wá ṣe ìwádìí ní 1938. Ogun dé, ìjọba di ẹni tí ń ra kòkó, lẹ́yìn ogun a sì dá àjọ tí yóò máa rà á sílẹ̀ ní 1947. Ìtàn àjọ náà gùn, n kò ní fi kún èyí.

Ní 1959, ọdún kan kí a tó gba òmìnira, ni a dá Nigerian National Shipping Line sílẹ̀. Inú ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti pín in: ìjọba ní 51 nínú 100, Elder Dempster ní 33, Palm Line ní 16. Àwọn tí a fẹ́ bá dije ni ó bá wa ra ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba gba gbogbo rẹ̀ ní 1961, ọkọ̀ wa ti wọ inú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, ó ń gba iye tí wọ́n dá. A kò wó ibodè. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fún wa ní àga kékeré kan nínú ilé oníbodè. Ní 1995 ni ìjọba tú kọ́ńpìnnì náà ká, lẹ́yìn gbèsè púpọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn di gbogbo ẹ̀bi ru ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba kan náà ni ó pàṣẹ sìmẹ́ǹtì ní àpọ̀jù tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ fi dúró lẹ́nu òkun Èkó ní 1975, tí a sì ń san owó ìdádúró fún wọn. Ẹni tí ó ń san irú owó yẹn kò nílò ọ̀tá.

Ẹgbẹ́ irú ti Jones ti parí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Láti oṣù kẹwàá 2008 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún òwò tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ wọn tàbí tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Àwa náà ṣe òfin lórí ìdíje ní 2018. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹténà ti yí òwò náà padà. Ọkọ̀ kọ̀ǹténà tóbi, ó sì wọ́n. Àwọn kéékèèké kò lè rà á, wọ́n tà, wọ́n kú, tàbí a gbé wọn mì, tí ó fi jẹ́ pé kọ́ńpìnnì mẹ́wàá péré ni ó ni èyí tí ó ju 80 lọ nínú àyè kọ̀ǹténà 100 tí ó wà lórí òkun ayé. Àwọn mẹ́wàá yìí a sì máa fún ara wọn ní àyè nínú ọkọ̀ ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìfohùnṣọ̀kan lórí iye. Òfin gbà á, ó sì ń dín ìnáwó kù. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń wá ọlọ́kọ̀ mìíràn lè rí orúkọ mẹ́ta kí ó sì bá ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tí ó jọ ti àtijọ́ jù lọ wà ní etí omi. Ní 2006 ìjọba fi ibi ìjákọ̀ǹténà Àpápá sí ọwọ́ APM Terminals fún ọdún 25, owó àdéhùn náà sì ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ; APM jẹ́ ti Maersk, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ tí ó tóbi jù ní ayé. Ní 2022 ni MSC, ọlọ́kọ̀ tí ó tóbi jù gbogbo wọn lọ, ra ilé iṣẹ́ Bolloré ní Áfíríkà, ibi ìjákọ̀ǹténà kan ní Tin Can Island sì bá a lọ. Ní 2023 ni èbúté Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn CMA CGM ti ilẹ̀ Faransé sì ni ó ń ṣe àbójútó kọ̀ǹténà níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn lè gúnlẹ̀ ní ibi wọ̀nyí, ó sì ń gúnlẹ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń rántí àwọn ọkọ̀ kékeré tí ó ń ti Forcados bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a wí: ìlẹ̀kùn ti di mẹ́ta, olówó wọn kì í sì í ṣe ẹnìkan.

Mo padà lọ sọ ìtàn Jones fún ìyá oníṣòwò náà. Ó fetí sílẹ̀, pàápàá nígbà tí mo dé orí ìdá kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń fi pamọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n padà san án. Mo ní wọ́n san án fún ẹni tí kò bá dà wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan hàn yín.” Òun àti ìyá márùn-ún mìíràn ti dá owó jọ, wọ́n gba kọ̀ǹténà kan pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà máa rà lọ́wọ́ aláràjọ. Lórí ìwé náà ni owó kan wà tí ejẹ́ńtì wọn ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀, títí wọn yóò fi dá kọ̀ǹténà òfìfo padà. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe irú ti Jones. Ìdúró fún kọ̀ǹténà ni, wọn kò bèèrè ọkọ̀ ta ni yóò wọ̀ ní ìgbà mìíràn. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹténà náà ti padà sí wáàfù láti ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ó ní, owó náà kò tíì jáde, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ fi gba èyí tí ó kàn.